Ìyára nìkan kò tó: velocity nílò orúkọ tirẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní, bí a bá ń kọ́ físíìsì ní Yorùbá, kí á pe speed ní eré, kí á sì pe velocity ní ìyára. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Lẹ́nu àwa tí à ń sọ èdè yìí, ọ̀kan náà ni eré àti ìyára. Bí èrò ọkọ̀ bá pariwo pé "ẹ dín eré kù!", kò sẹ́ni tó ń ronú nípa ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní ọ̀rọ̀ méjèèjì á kàn há wọn sórí ni.

Ibi tí nǹkan kọjú sí gan-an ni ìyàtọ̀ speed àti velocity: velocity kà á mọ́ ọn, speed kò kà á. Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́kadà kan ní Abẹ́òkúta níbí, tó gbé èrò láti Kútọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, tó sì padà sí Kútọ̀. Ká ní àlọ jẹ́ kìlómítà 6, àbọ̀ jẹ́ 6, gbogbo rẹ̀ sì gba ìdajì wákàtí. Kìlómítà 12 ló rìn, nítorí náà ìpíndọ́gba eré rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 24 ní wákàtí kan. Ìpíndọ́gba velocity rẹ̀ ńkọ́? Òdo ni, torí velocity ń wo bí ibi tó parí sí ṣe jìnnà tó sí ibi tó ti gbéra, ibi tó ti gbéra náà ló sì padà sí. Ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ pé òdo ni ìyára ọlọ́kadà tó jó epo, tó sì làágùn? Á ní irọ́ ni, òótọ́ ló sì sọ.

Àmì ìyọkúrò tún wà níbẹ̀. Ká ní ọkọ̀ ojú irin méjì pàdé ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan kọrí sí Ìbàdàn, èkejì kọrí sí Èkó, tí àwọn méjèèjì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí. Eré wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀nà Ìbàdàn ṣe ìhà àròpọ̀, velocity èkejì di -100. Eré kò lè kéré sí òdo láéláé.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá ìyákọrí: ìyára pẹ̀lú ibi tí a kọrí sí. Kí eré àti ìyára jọ máa jẹ́ speed bí wọ́n ti wà. Ẹlòmíì dábàá "ìyára onítọ̀ọ́sọ́nà", ó sì sún mọ́ ọn, àmọ́ ìtọ́sọ́nà ń fẹ́ olùtọ́ni. Òkúta tó já bọ́ láti orí Olúmọ ní ìyákọrí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí á tún ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá kan acceleration, ìyẹn bí velocity ṣe ń yára yí padà sí, tí mo rò pé ó yẹ ká pè ní ìyípadà-ìyákọrí. Bí dánfó bá yí kọ́nà, kódà kí ọwọ́ aago eré má mì rárá, èrò inú rẹ̀ á rọ́ lu ara wọn. Eré kò yí padà. Ìyákọrí ló yí padà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àbá tiyín ṣàlàyé kọ́nà yẹn fún wa, ká gbé méjèèjì wò.