Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó ta kókó

Akẹ́kọ̀ọ́Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ gígùn-gígùn inú ìwé wa kò yé mi. Ṣé kí n kàn máa há wọn sórí ni, àbí ọgbọ́n kan wà?

AraLáàbù: Má há wọn sórí lódindi. Já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, kí o sì ti ìparí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti sábà máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "-itis": ibẹ̀ wú, ó gbóná, ó ń ro. "-ectomy": wọ́n gé e kúrò. "-otomy": wọ́n là á, wọn ò yọ ọ́. "-ostomy": wọ́n dá ihò sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Lẹ́yìn náà, wo ìbẹ̀rẹ̀, kí o tó bọ́ sí àárín. Hypoglycemia: "-emia" ni inú ẹ̀jẹ̀, "hypo-" ni kéré jù, "glyc" ni ṣúgà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn.

ÀgbàNọ́ọ̀sì: Òótọ́ ni, àmọ́ "hypo-" àti "hyper-" (ga jù) fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà létí, ìtọ́jú wọn sì tako ara wọn. Ínsúlínì tí wọ́n ń fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga lè pa ẹni tí tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Nítorí náà, máa sọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bákan náà, ileum ni ìparí ìfun kékeré, ilium ni egungun ìbàdí. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. Má sì jẹ́ kí "nephr-" àti "ren-" rú ọ lójú: kíndìnrín kan náà ni, ọ̀kan ti èdè Gíríìkì wá, èkejì ti Látìnì.

Akẹ́kọ̀ọ́Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú ńkọ́?

ÀgbàNọ́ọ̀sì: Àwọn yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn jẹ, torí a rò pé a ti mọ̀ wọ́n. "Acute" kò sọ pé àìsàn le. Ó sọ pé òjijì ló dé. "Chronic" ni èyí tó ti pẹ́ lára. "Positive" nínú àyẹ̀wò ni pé wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá, ì báà jẹ́ ire tàbí ibi.

Onímọ̀Kòkòrò: Jíjá ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ lè ṣì ọ́ lọ́nà nígbà mìíràn. Afẹ́fẹ́ burúkú ni malaria túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò àìfojúrí Plasmodium tí abo ẹ̀fọn Anopheles ń gbé kiri ló ń fà á. Nípa orúkọ ẹ̀dá, kọ ọ́ ní kíkún nígbà àkọ́kọ́: Escherichia coli jẹ́ bakitéríà, Entamoeba coli jẹ́ amíbà, "E. coli" sì ni ìkékúrú àwọn méjèèjì. Lẹ́tà ńlá ni orúkọ àkọ́kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, kékeré ni èkejì.

AraLáàbù: Mo fẹ́ fi èyí kún un: 1 mg (milligram) jẹ́ 1,000 microgram (µg). Ẹni tó bá ka "µg" sí "mg" ti fi oògùn ìlọ́po 1,000 fún aláìsàn. Kọ "microgram" jáde pátá.