Àbọ̀ lórí Arduino tó ń kú bí servo bá yí: ó ti yanjú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo béèrè nípa iṣẹ́ àṣekágbá mi, ère ọmọbìnrin tó ń kúnlẹ̀ bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Bí servo rẹ̀ (mọ́tò kékeré tó ń mú un kúnlẹ̀) bá ti fẹ́ yí báyìí, Arduino Uno (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀) á kú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ ni ti ẹni tó ní kí n má gba iná servo lára Arduino mọ́. Mo fún un ní 5V tirẹ̀ láti ara ṣájà fóònù tó lè gbé 2A, mo wá so GND rẹ̀ (ojú òdì iná, ìyẹn negative) pọ̀ mọ́ GND Arduino. Ẹ má fo ti GND yìí rárá. Bí kò bá sí níbẹ̀, servo á kàn máa gbọ̀n ni, torí àṣẹ tí Arduino ń fi ránṣẹ́ kò ní yé e. Látìgbà náà, ère ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, iná Arduino kò ṣẹ́jú.

Kapasítọ̀ 470µF (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) nìkan dín kíkú náà kù ni, kò mú un lọ. Mo ṣì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ servo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ló lọ sí 5V.

Ó ku HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó ń rí ògiri àti ọwọ́ dáadáa, àmọ́ aṣọ tó nípọn máa ń gbé ìró rẹ̀ mì. Bí ẹni tó wọ agbádá bá dúró níwájú rẹ̀, ère lè má mira. Màá fi PIR tó ń mọ ooru ara kún un. Ẹ ṣeun gan-an.