Àwòyanu? “Wò” yẹn gan-an ni ìjà mi

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín.

Mo ka lẹ́tà ọ̀gá wa ti àná. Wọ́n ní kí á pa “eré ìtàgé” tì, kí á máa pe tíátà òde òní ní “àwòyanu”, torí pé ohun tó yẹ kó máa lé ni kí iná, àwòrán àti ariwo rẹ̀ ya òǹwòran lẹ́nu. Ẹ̀rí wọn ni pé “wíwò” ni àwọn Gíríìkì náà fi sọ ọ́ lórúkọ.

Gírámà rẹ̀ ò ní àléébù. À-, wò, yanu: ó tò. Ṣùgbọ́n bí àwòyanu bá di ọ̀rọ̀, àwòsùn náà di ọ̀rọ̀ nìyẹn, mo sì ti sanwó wo àwòsùn púpọ̀ tí iná rẹ̀ ń kọ mànà.

Theatron, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bí “tíátà”, tí ọ̀gá wa gùn lé yẹn, ibi tí èrò ń jókòó sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Orchestra ni ààyè àwọn tó ń jó tó ń kọrin. Ní Áténì, ìlú àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, àwọn aráàlú gan-an ló ń ṣe akọrin náà. Ẹni tó jókòó lọ́dún yìí lè wà lójú agbo lẹ́ẹ̀míì. Drama ńkọ́? “Ṣe” ni ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Kí ló dé tí a fẹ́ fi orúkọ àga sọ gbogbo ilé?

Lọ́jọ́ kan, òṣeré kan gbàgbé ọ̀rọ̀ níṣojú mi. Ó dúró, ó ń ra etí aṣọ rẹ̀ mọ́wọ́. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi ní, “Ọmọ mi, o ní o ò ní padà wálé mọ́.” Ọmọ náà kúnlẹ̀ fún un, ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó ń bá eré lọ. Fóònù ń ṣe àwòyanu fún wa tọ̀sán-tòru, kò sì mọ̀ bóyá a wà níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni kí tíátà dúró sí.

Augusto Boal, onítíátà ará Bràsíl, mú un jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ṣeré tán, wọ́n á tún un ṣe, òǹwòran tí ibì kan ò bá tẹ́ lọ́rùn á ké “Dúró!”, á gorí ìtàgé, á gba ipò òṣeré, á ṣe é bó ṣe rò pé ó yẹ. Ẹnu tó yà sílẹ̀ ò lè ké dúró.

“Eré àjọṣe” ni tèmi. Àwọn kan á ní àjọṣe ti di ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Ta ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó dábàá “eré àríkọ́gbọ́n”, ẹ má bínú, ìwàásù nìyẹn. Eré tó ti mọ ọgbọ́n tó fẹ́ kọ́ mi kí n tó jókòó, kí ló tún ń fi mí ṣe?

Ọ̀gá wa sì kọ “ere” lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìfàmì sí i. Eré ni àbí èrè? Àbí ère, tí àwòyanu máa sọ wa dà lórí àga? 30 ọdún tí wọ́n fi kọ́ni ní gírámà, mo kí wọn. Olùkọ́ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, á ti da ìwé náà padà.

Ẹni tó ní kí á lé “tíátà” jáde torí pé àtọ̀húnrìnwá ni, kí wọ́n kọ́kọ́ dá “àlàáfíà” padà fún àwọn Lárúbáwá.