Bátìrì inú àyà Màmá mi ti ń lọ sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mo nílò ìrànlọ́wọ́. Láti 2016 ni ẹ̀rọ pacemaker ti ń ran ọkàn Màmá mi lọ́wọ́ láti lù. Ó yọ lábẹ́ èjìká òsì wọn bí ìdérí agolo kékeré. Dókítà ní bátìrì lithium inú rẹ̀ ti ń tán lọ, odindi ẹ̀rọ ni wọn yóò sì pààrọ̀, torí wọ́n ti dí i pa. Wọ́n lè fi wáyà tó wọnú ọkàn sílẹ̀.

Màmá ní, "Ṣé kò ṣeé ṣájì bíi fóònù ni?" Ẹ má rẹ́rìn-ín o: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú èèyàn ní Sweden ní 1958, láti ìta ara ni wọ́n ti ń ṣájì rẹ̀!

Ta ló ti ṣe irú pààrọ̀ yìí n'Ìbàdàn? Èló ni? Ọjọ́ mélòó lẹ lò ní ọsibítù?