Kámẹ́rà ò rí nǹkan kan, wọ́n tún ní ká lọ ṣe CT ìfun. Ṣé dandan ni omi tí wọ́n ní kó mu yẹn?

Ìyá Ìbejì, Mọ́lété:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ni inú ń run láti bí oṣù mẹ́wàá. Tó bá ti jẹun tán, kò ní pẹ́ tí inú rẹ̀ á fi máa kùn, á wá lọ́ pọ̀ nísàlẹ̀ ìdodo lápá ọ̀tún. Ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ́dún tó kọjá, okùn ló fi ń dì í báyìí. Wọ́n ti tọ́jú ibà jẹ̀funjẹ̀fun lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tọ́jú ọgbẹ́ inú. Wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọn ò rí nǹkan kan. Síkáànù tí wọ́n ń fi nǹkan yíyọ̀ pa níkùn, afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n ní àwọn rí.

Dókítà wá kọ CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, ó ní ìfun kékeré lòun fẹ́ wò, pé á mu omi kan tó tó líta 1.5 kí wọ́n tó yà á. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ béèrè, ọmọ tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní kò pọn dandan kó mu ohunkóhun, pé CT náà ni CT. Owó tiwọn sì dínkù. Ìyá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti ra àgbo ní Ọjà Ọba. Owó tó wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Káyọ̀dé:
Ẹ gbé e lọ síbi tí owó wọn kéré. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó mu omi yàtọ̀ sí ẹni tí ò mu.

Oníṣẹ́ Àwòrán:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti ń jẹun, nílùú Ìbàdàn níbí. Ìfun kékeré gùn tó bíi mítà 6, ó ká jọ sínú ikùn bí okùn inú apẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà ẹnu ò kọjá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ń gba ìdí wọlé, ìfun ńlá ló ń wò, ìparí ìfun kékeré ló kàn lè yọjú sí. Gbogbo àárín yẹn ṣókùnkùn sí wọn, ibẹ̀ ni CT wúlò sí.

Àmọ́ ìfun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń lẹ̀ pọ̀. Tó bá lẹ̀, á dà bí ẹni pé ara rẹ̀ nípọn, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Èyí tó sì nípọn lóòótọ́ á fara pamọ́ sáàárín wọn. Tó bá kún dáadáa, ara rẹ̀ kò yẹ kó ju mìlímítà 3 lọ. Omi lásán ò tó, torí ara á ti fà á mu kó tó dé ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po nǹkan bíi mannitol, irú ṣúgà kan tí ìfun kì í fà mu bọ̀rọ̀, mọ́ ọn. Kì í sì í ṣe èyí tó ń funfun gbòò nínú àwòrán, ìyẹn á bo ara ìfun mọ́lẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 45 sí 60 ni wọ́n fi ń mu ún. Wọ́n á wá gún oògùn tó ní áyódìn sínú iṣan, kò ní pẹ́ tí wọ́n á yà á. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè CT enterography, orúkọ CT olómi mímu yìí nìyẹn. Tí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ máa lọ.

Ohun kan o: tó bá ń bì, tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò yàgbẹ́, tí kò sì só, ẹ má fi omi há a lọ́rùn. Ìfun tó dí ti kún fúnra rẹ̀. Pàjáwìrì nìyẹn.

Alámàlà Mọ́kọ́lá:
Èmi ò mọ̀wé dókítà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé mi dénú. Tí mo bá ń fọ ìfun ewúrẹ́ láàárọ̀, tó bá ṣì wà ní pẹlẹbẹ lórí pákó, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Mo máa ń ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ omi, màá tú omi sí i. Ibi tó dára á wú, á mọ́ kedere bí ọ̀rá píọ̀wọ́tà. Ibi tó ti bàjẹ́ á le, kò ní fẹ̀, omi á há síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń gé sọnù. (Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ń gé e sọnù.)

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ti fẹ̀yìntì:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi bi í: ṣé òógùn máa ń bò ó lóru? Ṣé ó ti bá ẹni tó ní ikọ́ ife gbé rí? Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ìdodo tí ẹ wí yẹn, ibẹ̀ ni ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá, ibẹ̀ ni ikọ́ ife inú ìfun sì fẹ́ràn jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mú ìfun náà. Àìsàn kan tó ń jẹ́ Crohn náà fẹ́ràn ibẹ̀, àwòrán àwọn méjèèjì sì jọra débi pé CT nìkan lè má dá wọn mọ̀. Wọ́n á ní láti bù níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà kù, kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, torí tó bá lọ jẹ́ ikọ́ ife, á gbilẹ̀ sí i ni. Oògùn ikọ́ ife, oṣù 6 ni, ọ̀fẹ́ sì ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Torí oògùn tí wọ́n máa gún un, kó ṣàyẹ̀wò kíndìnrín kó tó lọ. Tó bá ní ásímà, tàbí tó ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, kó sọ fún wọn. Kó gbé àwòrán àtijọ́ dání. Àgbo yẹn ńkọ́? Ẹ bá mi bẹ Màámá, kí wọ́n gbé e tì ná.

Tísà Agbowó:
Ìtànṣán inú CT yẹn ò ní fa jẹjẹrẹ báyìí? Ọmọ náà ṣì kéré.

Oníṣẹ́ Àwòrán:
Ìbéèrè gidi ni, sà. mSv ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán; CT ikùn kan jẹ́ bíi mSv 8 sí 10. Ilẹ̀ àti òfuurufú ń fún wa ní bíi 2 sí 3 lọ́dún. Ewu rẹ̀ kéré, àmọ́ ó wà. Ẹni tó ṣe é láìmu omi, tó tún wá lọ ṣe òmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ìtànṣán. Tó bá di àyẹ̀wò léraléra, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán, ò ní ìtànṣán yẹn.

Bàbá Káyọ̀dé:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Ti ìfun ewúrẹ́ yẹn ló yé mi jù.

Ìyá Ìbejì, Mọ́lété:
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti ṣe é. Ìgò mẹ́ta ni omi náà, ó ń dùn díẹ̀. Nígbà tó mu ìkejì dé ìdajì, ó ní òun ò ṣe mọ́. Mo rán an létí ìfun Alámàlà, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Nígbà tí wọ́n gún oògùn, ó ní ooru kan gba ọ̀fun lọ sí abẹ́, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò wò, ó rò pé òun ti tọ̀ sára. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún un tẹ́lẹ̀. Èyí tẹ́nì kan ò sọ ni pé ṣaláńgá ló máa sùn sí mọ́jú.

Èsì dé: ìparí ìfun kékeré nípọn tó mìlímítà 9, àwọn kókó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà ní òun ò tíì ní dárúkọ àìsàn. Kámẹ́rà ìdí ló kàn, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n á bù níbẹ̀, wọ́n á fi apá kan ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife. Òógùn òru tí Àǹtí béèrè, ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́wọ́: ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láràárọ̀. Kò sọ ọ́ torí kò sẹ́ni tó bi í.

Àgbo ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Màámá ní àwọn ń dúró de Ọjọ́rú náà.