Ogun Kírìjì ti dá ìjà sílẹ̀ nílé wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni mí, ọmọ Ìbàdàn sì nìyàwó mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa ní kí wọ́n sọ ìtàn ogun Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn bá àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, fún òun, nítorí iṣẹ́ àmúrelé. Bàbá mi ní ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wa, fi ń jẹ àwọn èèyàn wa ló pọ̀ jù, ni Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí, bá gbé idà ní 1878. Ni ìyá ìyàwó mi bá gbé òkèlè iyán ọwọ́ wọn padà sáwo: “Ta ló lé àwọn Fúlàní padà ní Òṣogbo ní 1840? Ṣé kì í ṣe Ìbàdàn ni?” Látọjọ́ náà, wọn ò jọ jẹun mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Àdéhùn àlàáfíà 1886, bí ogun ṣe túká ní 1893, wọn ò jiyàn lórí rẹ̀. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ló yàtọ̀: ẹnìkan ka oore, ẹnìkejì ka ìyà.

Ọmọ di bírò mú, ìwé ṣófo níwájú ẹ̀. Ó ní, “Dádì, èwo ni kí n kọ?” Mi ò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sáàárín ìlú méjì, báwo lẹ ṣe ń sọ irú ìtàn yìí fọ́mọ? Báwo ni mo sì ṣe máa bá àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mo gbè sẹ́yìn ẹnìkan?