Ìtàn jìnnìjìnnì ilé: èsì sí àwọn àbá lórí orúkọ ìwé adẹ́rùbani

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: orúkọ wo ni ká fún ìwé ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ kó lè dẹ́rù bani, pàápàá irú èyí tó pọ̀ lóde báyìí, tó jẹ́ pé àárín bàbá, ìyá àtọmọ ni ẹ̀rù ọ̀hún ti ń sú yọ? Àbá mẹ́rin ló ti wọlé: ìtàn ẹ̀rù, ìtàn apániláyà, ìtàn awúnilórí àti ìtàn iwin. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ìtàn ẹ̀rù ló rọrùn jù lójú. Àmọ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń tẹ Yorùbá: itan eru. Ẹnì kan á kà á sí ìtàn ẹrú, ìyẹn sì ti jẹ́ ẹ̀yà ìwé gedegbe, ìtàn tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fẹnu ara wọn rò. Ẹlòmíì á kà á sí ẹrù orí, tàbí èrú oníjìbìtì. Orúkọ ẹ̀yà ìwé, ẹ̀yìn ìwé àti ojú íńtánẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà, níbi tí àmì ti máa ń já bọ́. Èyí tí kò lè dá dúró láìsí àmì ò ní pẹ́ ṣìnà.

Apániláyà tọ̀nà ní gírámà. Bí apanilẹ́rìn-ín ṣe rí ló rí. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé rédíò àti ìwé ìròyìn ti gbà á lọ, òun àti agbésùnmọ̀mí. Àwọn tó ń ju bọ́ǹbù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ "òǹkọ̀wé ìtàn apániláyà" sẹ́yìn ìwé, kí ẹ wo irú ẹni tí òǹkàwé máa rò pé ó kọ ọ́. Awúnilórí dùn létí. Bí èèyàn bá rí abàmì lóru, orí a wú, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwé kan wú òun lórí lónìí, yíyìn ló ń yìn ín, ibẹ̀ náà sì ni ìwúrí ti wá.

Orí iwin ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtumọ̀ ti ń dà rú. Iwin inú ìwé Fágúnwà ti 1938, inú igbó ló wà. Ọdẹ ló lọ bá a níbẹ̀, ilé sì ni ibi tí ọdẹ ń forí lé bó bá bọ́. Ìwé tí à ń sọ yìí ò ní igbó. Ẹ wo The Icarus Girl tí Helen Oyeyemi kọ, tó jáde ní 2005. Ọmọ ọdún 8 ni Jess, Yorùbá ni ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá. Ní ilé bàbá ìyá rẹ̀ n'Ìbàdàn, ó pàdé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títíọlá. Ahọ́n Jess ò gbé orúkọ náà, ló bá sọ ọ́ di TillyTilly. TillyTilly yìí ló wá tú u síta pé ìbejì ni Jess, pé èkejì rẹ̀, Fern, ti kú nígbà ìbí, àwọn òbí sì fi pa mọ́ fún un. Wọn ò gbẹ́ ère ìbejì fún èyí tó lọ.

Kí ni TillyTilly? Àwọn òǹkàwé pín sí i: àbíkú ni, Fern ló padà wá, ọ̀rẹ́ tí ọmọ tó dá wà finú ara rẹ̀ dá ni. Ẹni tó bá kọ iwin ti bá òǹkàwé dáhùn, ó sì dáhùn òdì, torí iwin kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àkúdàáyà náà ò ṣe é. Àkúdàáyà ń jẹun, ó ń ná ọjà, ó ń fẹ́ ìyàwó nílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Bí ará ilé rẹ̀ bá yọjú, ó sá lọ nìyẹn. TillyTilly ò sá, ilé gan-an ló ń wá. Ẹnìkejì ló sún mọ́ ọn jù: ó gba ìbejì, ó gba ẹni tí a fi sílẹ̀ lọ́run, ó sì tún gba ara ẹni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a máa fi sọ ohun tó dé bá ọmọ inú irú ìwé yìí náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nínú A Head Full of Ghosts tí Paul Tremblay tẹ̀ jáde ní 2015, Marjorie, ọmọ ọdún 14 ní Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà tí kò yé ará ilé. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá, bàbá wá di ẹ̀sìn mú, ó pe àlùfáà Kátólíìkì; àìlówó ló sì jẹ́ kí wọ́n gba àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n láyè kí wọ́n wá máa ká ìdààmú wọn sílẹ̀. Títí dòní, ẹnu òǹkàwé ò kò. Àwọn kan ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, àwọn kan ní àìsàn ọpọlọ ni, àwọn kan ní bàbá gan-an ni kí ojú wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń bínú pé òǹkọ̀wé ò já a, kò sọ èyí tó jẹ́ gan-an. Lójú tèmi, àìjá a yẹn ló gbé ìwé náà ró. Bí ẹ bá wá kọ "ẹ̀mí ń gùn ún", ẹ ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gígùn, ti òrìṣà ni. Elégùn Ṣàngó kì í ṣe aláìsàn, wọn kì í pe àlùfáà kó wá lé ohun tó gùn ún. Ẹ sì tún ti já ohun tí òǹkọ̀wé ò já. Gbólóhùn tó bá a mu wẹ́kú ti wà nílé: nǹkan ń ṣe é. Ibà lè jẹ́, ayé lè jẹ́, ẹ̀mí lè jẹ́. Ìyá tó sọ ọ́ lẹ́bàá ẹní ọmọ ò tíì dárúkọ ohunkóhun, gbogbo ilé sì ti gbọ́ pé kò dáa.

Fún ẹbí tí nǹkan ò gún fún, ẹnì kan kọ ìdílé onídààmú. Oní- yẹn ló ṣì í lọ́nà: ó ń dún bí oníwàhálà, ẹni tó ń kó o bá aládùúgbò. Ilé tí kò tòrò la máa ń wí. Omi náà la máa ń sọ pé ó tòrò: ẹ pọn omi odò tó rú sínú ìkòkò, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀, yóò mọ́ gaara lókè, ẹrọ̀fọ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Kí ọmọdé ki igbá bọ̀ ọ́ jìn díẹ̀, ó ti tún rú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìwé yìí ṣe ń lọ. Òwe sì ti wí i pé ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà.

Ìtàn jìnnìjìnnì ilé ni àbá tèmi. Ìpayà a máa muni lójijì, kó sì lọ. Jìnnìjìnnì, bíbò ló ń boni bí aṣọ tutù, ó sì ń pẹ́ lára. Láìsí àmì, jinnijinni kì í di nǹkan mìíràn. Kò nílò akójìnnìjìnnìbáni tí ẹnu ò lè gbé ní ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni wọ́n fi tì í, ó sì ti wọ̀ lára.

Ilé wá ń ṣiṣẹ́ méjì. "Ọmọ ilé wo ni ọ́?" kì í béèrè òrùlé. Nínú The Haunting of Hill House tí Shirley Jackson kọ ní 1959, ọdún 11 ni Eleanor fi tọ́jú ìyá rẹ̀ aláìsàn, ìyá tó máa ń kan ògiri lóru bó bá ń fẹ́ nǹkan. Ìyá ti kú kí Eleanor tó dé Hill House, ilé ńlá inú ìtàn náà. Lóru ọjọ́ kan, nǹkan ń lu ilẹ̀kùn. Lójú oorun, Eleanor ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn pé òun ń bọ̀. Ilé wo ló ń kanlẹ̀kùn, èyí tó wọ̀ sí ni àbí èyí tó ti wá? Ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé méjèèjì.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gba jìnnìjìnnì tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé ni ò tíì wọ̀ mí létí. Hótẹ́ẹ̀lì ni The Shining ti Stephen King, 1977, ti ṣẹlẹ̀. Ṣíṣọ́ ni ẹbí náà wá ń ṣọ́ ọ nígbà òtútù. Àwọn tó ń to ìwé sì máa kó gbogbo ìwé tí àlejò ti wọ ilé àǹjọ̀nú tó sì sá jáde mọ́ ọn. Ṣé ìtàn jìnnìjìnnì ẹbí ò dáa jù?

*

Àbúrò, fóònù ló máa dáhùn. Tẹ ẹbí láìsí àmì: ebi. Ìtàn ìyàn nìyẹn, ẹlòmíì á sì kà á sí ẹ̀bi. Ti hótẹ́ẹ̀lì yẹn, Jack, bàbá inú ìtàn náà, ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lápá kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ilé wọn ni wọ́n gbé lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń to ìwé yẹn tọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: bí a bá lè mú ẹbí náà kúrò nínú ìtàn, kí a fi àjèjì mẹ́rin rọ́pò wọn, tí ẹ̀rù ọ̀hún ṣì dúró, ìtàn jìnnìjìnnì lásán ni. Bó bá túká, ká fi ilé sí i. Ẹ̀yìn ìwé á wá kà báyìí: "Ìtàn jìnnìjìnnì ilé. Nǹkan ń ṣe ọmọ yìí, ilé ò sì tòrò mọ́."